Ẹ Dá Orin Padà Sẹ́nu Òṣèré

Bí ẹ bá fẹ́ tètè mọ ẹni tó máa kú nínú fíìmù Yorùbá òde òní, ẹ má wulẹ̀ wojú òṣèré. Ẹ tẹ́tí sí orin. Ìyàwó ilé ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bu ọbẹ̀ sáwo ni, kò sẹ́ni tó tíì mọ̀ pé orogún rẹ̀ ti bu nǹkan sí i, ṣùgbọ́n obìnrin kan tí a kò rí, tó wà lẹ́yìn fíìmù níbi tí a kò mọ̀, ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi kọrin: ayé le, ọ̀rẹ́ ti dà á, kó má jẹ ẹ́ o. Gbogbo àwa tí a jókòó sí pálọ̀ ti gbọ́. Ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn nìkan ni kò gbọ́. Á jẹ ọbẹ̀, á kú, olórin á tún fi orin sunkún rẹ̀ títí tí ilẹ̀ á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣú. Mo máa ń bi ìyàwó mi pé, nígbà tí obìnrin yìí ti mọ ohun tó wà nínú ọbẹ̀, kí ló dé tí kò lọ sọ fún ọlọ́pàá?

Iṣẹ́ orin ni mo fi jẹun. Mo kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ girama lórin ní Òṣogbo títí mo fi fẹ̀yìn tì, mo sì ń tẹ dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì títí di òní. Ọmọ Iléṣà ni mí, ọmọ òṣómàáló tó ń ta aṣọ àwìn, a kì í sì í jẹ́ kí gbèsè sùn. Gbèsè tí mo wá sìn lónìí wà lọ́rùn àwọn tó ń ṣe fíìmù wa: wọ́n gba orin lẹ́nu òṣèré, wọ́n gbé e fún ẹni tó dúró sẹ́yìn aṣọ. Kí wọ́n dá a padà. Ó sì yẹ kó jẹ́ pé àwa ará Òṣogbo àti Iléṣà la ó kọ́kọ́ pariwo, nítorí ìgboro wa ni wọ́n ti fi orin ṣeré tí ayé fi gbọ́.

Ní oṣù kẹta ọdún 1962 ni Dúró Ládìípọ̀ sọ ilé ọtí rẹ̀, Popular Bar, di ilé iṣẹ́ ọnà Mbari Mbayo ní Òṣogbo, òun àti Ulli Beier, òyìnbó Jámánì tí Yunifásítì Ìbàdàn gbà síṣẹ́. Eré Ọba Mórò ni wọ́n fi ṣí i. Nígbà tó pé ọdún kan, wọ́n gbé Ọba Kò So, eré Ṣàngó, jáde. Ní 1964, Ọba Wàjà tẹ̀lé e, ọdún yẹn náà sì ni wọ́n gbé Ọba Kò So lọ sí àjọ̀dún ní Berlin. Ní 1965 ó dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi àjọ̀dún iṣẹ́ ọnà àwọn orílẹ̀-èdè Kọmọnwẹ́ẹ̀tì. Ṣáájú gbogbo èyí, orin ṣọ́ọ̀ṣì ni Ládìípọ̀ ń kọ. Ọmọ katikíìsì ni. Ó kọ orin Àjíǹde, ó kó ìlù dùndún wọ inú ilé Ọlọ́run, àwọn àgbà ìjọ sì fárí gá. Ó gbé orin rẹ̀, ó jáde. Èmi tí mò ń tẹ dùùrù yìí, mo máa ń dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn àgbà ìjọ yẹn, nítorí bí wọ́n bá gbà fún un ni, bóyá orin Àjíǹde kan ni à bá ní, a kì bá ní Ṣàngó.

Ẹni tó bá wo Ọba Kò So á rí i pé orin ni ìtàn náà fi ń rìn. Ẹ mú ibi tí Gbọ́nńkà ti lọ ká Tìmì mọ́ Ẹdẹ. Jagunjagun méjì ni wọ́n, ọfà iná wà lọ́wọ́ ọ̀kan, gbogbo ènìyàn ló ń retí ẹ̀jẹ̀. Ohùn ni wọ́n fi jà. Tìmì á pohùn, Gbọ́nńkà á pe ọfọ̀ lé e, ìlù á máa ti àwọn méjèèjì lẹ́yìn, títí oorun á fi kun Tìmì lójú tí wọ́n á sì fi okùn mú un. Bí ẹ bá yọ ohùn kúrò níbẹ̀, ìjà ò sí mọ́. Ọkùnrin méjì ló kàn dúró lórí ìtàgé tí wọ́n ń wo ara wọn. Ẹ wá fojú inú wò ó bó bá jẹ́ pé àwọn aṣefíìmù òde òní ló ṣe é: Gbọ́nńkà á máa gbọn orí, kámẹ́rà á súnmọ́ ojú rẹ̀, obìnrin ẹ̀yìn fíìmù á sì máa sọ fún wa pé Gbọ́nńkà ń pe ọfọ̀ o.

Nǹkan míì tún wà nípa ẹgbẹ́ Ládìípọ̀ tí àwọn ọmọ ìsinsìnyí kò fi bẹ́ẹ̀ mọ̀. Kò sẹ́ni tó ń ṣe ẹyọ iṣẹ́ kan. Jimoh Buraimoh, gbajúgbajà ayàwòrán tó ń fi ìlẹ̀kẹ̀ ṣọnà, iná orí ìtàgé ló ń bójú tó fún Ládìípọ̀. Múráínà Oyèlámì láti Ìrágbìjí ń lùlù, ó ń ṣeré, ó tún ń yàwòrán. Twins Seven-Seven, ijó ló kọ́kọ́ bá dé ọ̀dọ̀ wọn. Nígbà tí ẹni tó ń tan iná bá mọ ìlù, á mọ ìgbà tó yẹ kí iná pa. Èyí ló fà á tí àwọn òyìnbó Berlin tí kò gbọ́ ẹyọ ọ̀rọ̀ Yorùbá kan fi jókòó tí wọn kò dìde.

Ti Ládìípọ̀ jẹ́ ti ọba àti ikú. Bó bá jẹ́ ti ẹ̀rín ni, ní Òṣogbo yìí kan náà, Kọ́lá Ògúnmọ́lá ni kẹ́ ẹ béèrè. Ọmọ Òkèmẹ̀sí ni, ṣùgbọ́n Òṣogbo ló fi ṣe ibùjókòó. Ní 1963 ó lọ sí Yunifásítì Ìbàdàn, ó sọ ìwé Amos Tutùọlá nípa ọ̀mu ẹmu di eré olórin, Lánkẹ́ Ọ̀mùtí, tí Demas Nwoko sì bá a ṣe ọ̀ṣọ́ ìtàgé. Ọ̀mùtí tó wá adẹ́mu rẹ̀ dé ìlú àwọn òkú! Bí eré aláwàdà olórin kan bá wà ní èdè Yorùbá tó yẹ kí wọ́n sọ di fíìmù, òun ni. Ṣùgbọ́n ní 1973 ni Ògúnmọ́lá kú, ọdún mẹ́ta kí fíìmù èdè Yorùbá àkọ́kọ́ tó jáde.

Mi ò ní purọ́ mọ́ fíìmù ṣá. Kí ó tó dé rárá ni orin ti ń dín kù. Nígbà tí Hubert Ògúnǹdé àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ eré ìtàgé, orin ni wọ́n fi ń sọ gbogbo ọ̀rọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Díẹ̀díẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ẹnu ń gba ipò. Ní ọ̀dọ̀ Oyin Adéjọbí ní Òṣogbo níbí, òṣèré kì í gba ìwé kọ́ sórí. Wọn á sọ ìtàn fún un, òun á sì wá ọ̀rọ̀ sí i lórí ìtàgé. Ẹni tí ẹnu rẹ̀ bá dùn, kí ló fẹ́ fi orin ṣe? Tẹlifíṣọ̀n náà dá kún un. Láti 1959 tí WNTV ti bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn, aago ló ń darí eré. Ẹ ò lè kọ ègbè lẹ́ẹ̀mẹfà nígbà tí ìròyìn ń bọ̀. Síbẹ̀, orin kò kúrò lẹ́nu òṣèré. Ó dín kù ni, ẹlòmíràn kò gbà á.

Nígbà tí fíìmù wá dé, kò kọ́kọ́ pa orin tì. Àjàní Ògún jáde ní 1976. Ọlá Balógun tó kọ́ṣẹ́ fíìmù ní Paris ló darí rẹ̀. Adéyẹmí Afọláyan, Ade Love, ló ṣe ọdẹ ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń bá olówó jà nítorí ilẹ̀ bàbá rẹ̀, Dúró Ládìípọ̀ tiwa náà sì wà nínú rẹ̀. Fíìmù olórin ni. Òṣèré tó wà lójú ẹ̀yin òǹwòran ló ń kọ ọ́, ẹnu rẹ̀ ń mì, ọrùn rẹ̀ ń le. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀ ni Hubert Ògúnǹdé gbé Ayé jáde láti orí ìtàgé, òun náà kó orin rẹ̀ dání. Ṣùgbọ́n Ládìípọ̀ ti lọ: oṣù kẹta ọdún 1978 ló kú, kò rójú ṣe fíìmù tara rẹ̀.

Ẹ wá jẹ́ ká dé Iléṣà.

Moses Ọláìyá Adéjùmọ̀, ọmọ Iléṣà tí wọ́n bí ní 1936. Gbogbo ayé mọ̀ ọ́n sí Bàbá Sàlá. Ohun tí ọ̀pọ̀ gbàgbé ni pé olórin ni kó tó di aláwàdà. Ẹgbẹ́ rẹ̀ ń jẹ́ Federal Rhythm Dandies, orin háílàìfù ni wọ́n ń lù, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí wọ́n bí ní Òṣogbo ní 1946 sì wà lábẹ́ rẹ̀ níbẹ̀ kó tó lọ dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀: Sunny Adé. Ẹ ò rí i pé ọ̀nà Òṣogbo sí Iléṣà kò jìn?

Gbogbo ènìyàn ló ń rántí aṣọ Bàbá Sàlá, dígí ojú tó fẹ̀ ju ojú lọ, táì onílabalábá tó fẹ́rẹ̀ẹ́ bo àyà, aago ńlá tó gbé kọ́ ara bí ẹni pé aago ọwọ́ ni. Èmi, ẹsẹ̀ rẹ̀ ni mo máa ń wò. Á dé ẹnu ọ̀nà, á gbé ẹsẹ̀ kan wọlé, á dúró. Ẹ̀rín ò tíì bọ́. Á wò yíká bí ẹni tó gbọ́ òórùn ọbẹ̀, á wá gbé ẹsẹ̀ kejì, gbogbo ilé á ya lulẹ̀. Láàárín ẹsẹ̀ àkọ́kọ́ àti ìkejì yẹn, bí ẹ bá ń fi ọwọ́ lu itan yín bí èmi ti ń ṣe, ẹ ó rí i pé ìlù ló ń kà. Ó mọ iye tí yóò kà kó tó wọlé, bí olórin ṣe ń dúró de ìlà tirẹ̀. Àwọn aláwàdà òde òní tó ń ṣe fídíò kéékèèké sórí fóònù, ariwo ni wọ́n fi ń wá ẹ̀rín, nítorí wọn kò kọ́ ìdákẹ́jẹ́ lọ́dọ̀ ìlù. Inú á bí wọn bí wọ́n bá ka èyí. Kó bí wọn.

Ní 1982, Bàbá Sàlá gbé sinimá rẹ̀ jáde: Ọ̀run Móoru. Ọlá Balógun náà ló darí rẹ̀. Lámídì, ọkùnrin tí gbájú-ẹ̀ sọ di kòlà-kò-ṣagbe, tí ayé sú títí ó fi tọ ọ̀run lọ. Ẹ̀rín ni látòkè délẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rín tó ń gé ni lọ́wọ́, nítorí ìgbà tí owó epo ti sọ gbogbo ènìyàn di ẹni tó ń wá ọ̀nà àbùjá ni. Lẹ́yìn náà ni ohun tí gbogbo wa mọ̀ ṣẹlẹ̀. Kí owó tó wọlé fún onífíìmù, Ọ̀run Móoru ti wà nínú kásẹ́ẹ̀tì fídíò kiri ọjà. Mo rántí pálọ̀ kan ní Iléṣà nígbà náà, tí wọ́n so kọ́tìnì mọ́ fèrèsé, tí ọmọkùnrin kan jókòó sẹ́nu ilẹ̀kùn tó ń gbowó, tí àwọn ènìyàn sì ń rẹ́rìn-ín gbàgà nínú ilé. Ọmọ ìlú wọn ni wọ́n ń wò, kò sí kọ́bọ̀ tó kàn án níbẹ̀. Gbèsè ni fíìmù yẹn fi sílẹ̀ fún un. Àwọn bàbá wa tó ń ta aṣọ àwìn kiri ilẹ̀ Yorùbá, wọn á lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè títí yóò fi san. Bàbá Sàlá kò mọ ẹnu ọ̀nà tí yóò lóṣòó sí. Ọjọ́ keje oṣù kẹwàá ọdún 2018 ló kú, ní Iléṣà.

Mo gbé ọ̀rọ̀ yìí wá torí pé níbẹ̀ ni mo rò pé orin ti bọ́ lẹ́nu òṣèré. Olè ti fihan àwọn onífíìmù pé owó ńlá tí wọ́n bá ná kì í padà wálé. Láti 1986, náírà já wálẹ̀, fíìmù gidi tó jẹ́ pé òkè òkun ni wọ́n ti ń fọ̀ ọ́ kò ṣeé rà mọ́, kálukú sì sá sínú fídíò. Nínú fídíò, ìṣirò ni gbogbo nǹkan. Onílù mẹ́rin, elégbè mẹ́fà, oúnjẹ wọn, owó ọkọ̀ wọn, ibi tí wọ́n máa sùn. Ọkùnrin kan tó ní kíbọ́ọ̀dù ń bẹ ní sitúdíò, òun nìkan á lù ú, á pe obìnrin kan kó kọ ọ́, ọjọ́ kan wọ́n ti parí. Ó pọ́n dandan fún wọn nígbà náà, mi ò bú wọn. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n fi ebi ṣe, wọ́n ń fi àjẹyó ṣe é báyìí. Ẹni tó ń ya fíìmù nínú ilé alájà mẹ́ta, tí mọ́tò mẹ́rin wà nínú ọgbà, kò lè sọ fún mi pé oúnjẹ onílù ló wọ́n òun.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan wà ní Húńgárì, tó ń kọ́ iṣẹ́ dókítà. Ó mọ ẹjọ́ tí mo máa ń rò lórí fíìmù, ó wá fi ọ̀kan nínú tiwọn ránṣẹ́ sí mi, Mágnás Miska. Márton Keleti ló darí rẹ̀ ní 1949, láti inú eré olórin tí Albert Szirmai kọ orin rẹ̀, tí wọ́n ti ṣe lórí ìtàgé ní Budapest láti 1916. Fíìmù láìláwọ̀ ni. Mo ní kí n wò ó fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí n fi tẹ́ ọmọ lọ́rùn. Mo wò ó tán.

Ìtàn náà kò ṣòro. Ẹnjiníà kan ń bọ̀ wá ṣe ojú irin, ó fẹ́ràn ọmọbìnrin ìdílé ọlọ́lá, àwọn ẹbí ọmọ sì fojú tín-ín-rín rẹ̀. Ó wá gbẹ̀san: ó gbé aṣọ ọlọ́lá wọ Miska, ọmọ tó ń tọ́jú ẹṣin, ó mú un wọ àárín àríyá wọn. Gbogbo àwọn ọlọ́lá wárí fún ọmọ tó ń tọ́jú ẹṣin. Bó ti jẹun wọ́bìà ni wọ́n ń pè ní àṣà ìlú òkèèrè. Ìjọba tuntun tó gba ilé iṣẹ́ fíìmù wọn ní ọdún kan ṣáájú fẹ́ kí wọ́n fi àwọn ọlọ́lá ṣẹ̀sín, kò fi bò. Ohun tó wù mí níbẹ̀ ni ibi tí orin wà. Nígbà tí Miska bá ń dààmú, òun fúnra rẹ̀ ló ń kọ ọ́. Nígbà tí òun àti Marcsa, ọmọ ọ̀dọ̀ ilé ìdáná, bá ń jà, orin ni wọ́n fi ń jà, ìjà náà á sì di ijó. Kò sẹ́ni tó farapamọ́ sẹ́yìn tó ń bá wọn kọ ọ́. Ó sì ya mí lẹ́nu bí Miska nínú aṣọ tí kò bá a mu ṣe jọ Bàbá Sàlá. Ẹni tó ní kí eré olórin tiwa kú nígbà tó dé ojú sinimá kò wo ohun tí àwọn aráyé tó kù ń ṣe sí tiwọn.

Àwọn kan á ní àgbàlagbà ń ṣàárò ìgbà èwe. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo fojú rí nínú kíláàsì.

Ọdún kan, a fẹ́ ṣe eré ìparí ọdún ní ilé-ìwé wa ní Òṣogbo. Mo kọ eré kékeré kan lórí òṣómàáló tó wá sin gbèsè. Onígbèsè sá wọ inú apẹ̀rẹ̀ ńlá kan, ìyàwó rẹ̀ sì ń purọ́ fún àlejò pé ọkọ òun lọ sóko, pé ó lọ sí ìpàdé ẹbí, pé ó lọ gba egbòogi. Nígbà tí a ń gbára dì, kò pani lẹ́rìn-ín rárá. Ọmọ tó ṣe òṣómàáló pariwo títí ohùn rẹ̀ há. Èmi nìkan tí mo kọ ọ́ ni mò ń rẹ́rìn-ín.

Mo lọ pe bàbá onílù kan láti Ẹdẹ. Ó dé, ó jókòó, ó wo eré náà láìsọ nǹkan kan. Ó wá bi mí pé, “Tíṣà, èló ni ọkùnrin yìí wá gbà?” Mo ní, “Pọ́n-ùn méjì àti ṣílè márùn-ún ni, Bàbá.” Ó gbé gángan rẹ̀ sápá. Bí ìyàwó bá ti pa irọ́ kan, gángan á dáhùn: pọ́n-ùn méjì, ṣílè márùn-ún. Irọ́ kejì: pọ́n-ùn méjì, ṣílè márùn-ún. Ìyàwó á gbé ohùn sókè, gángan á gbé tirẹ̀ sókè. Àwọn ọmọ kíláàsì tí kò sí nínú eré bẹ̀rẹ̀ sí í gbè é. Nígbà tó yá, bàbá yìí bẹ̀rẹ̀ sí í lù ú di ijó, ó ń dùn, ó ń wọni lára, mo sì rí i tí apẹ̀rẹ̀ ń mì. Mi ò kọ ìyẹn sínú eré o. Ọmọ tó wà nínú apẹ̀rẹ̀ kò lè mú un mọ́ra, èjìká rẹ̀ ń jó sí gbèsè ara rẹ̀. Báyìí ni òṣómàáló ṣe mọ ibi tó wà. Lọ́jọ́ eré, àwọn òbí dìde dúró. Ọ̀gá kan tó jẹ́ pé kì í rẹ́rìn-ín ní gbogbo ọdún di inú mú.

Ìlù ló tú àṣírí níbẹ̀, ṣùgbọ́n inú eré ló ti tú u. Òṣèré gbọ́ ọ, ó bá a jiyàn, ó bá a jó. Iṣẹ́ tí obìnrin ẹ̀yìn fíìmù kò lè ṣe láéláé nìyẹn, nítorí kò sí òṣèré tó lè dá a lóhùn.

Nǹkan ti ń yí padà díẹ̀, ó yẹ kí n sọ ọ́. Ní Èkó, láti 2013 tí Bọ́láńlé Austen-Peters ti gbé SARO jáde, àwọn ènìyàn ti ń sanwó gọbọi kí wọ́n lè wo eré olórin lórí ìtàgé, àwọn ọ̀dọ́ ló sì pọ̀ jù nínú àwọn tó ń ṣe é. Túndé Kèlání ṣe Ayinla ní 2021, Lateef Adédiméjì sì gbé orin Àyìnlá Ọmọwúrà sẹ́nu bí ẹni pé tirẹ̀ ni. Ní 2022 ni Elesin Oba ti Bíyìí Bándélé jáde, láti inú eré tí Wọlé Ṣóyínká tẹ̀ ní 1975. Brymo, olórin gidi, ni wọ́n fi ṣe Olóhùn-iyọ̀, akéwì inú eré náà. Ibi tó bá ti la ẹnu ni fíìmù náà ti ń mí. Ìgbà tó bá sì ti jáde, ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì inú ilé àwọn òyìnbó ìjọba á tún le bíi kóńdó. Kí ẹ sì rántí pé ìtàn yẹn kan náà ni Ládìípọ̀ fi ṣe Ọba Wàjà ní Òṣogbo ní 1964, ọdún mọ́kànlá kí ti Ṣóyínká tó di ìwé, orin sì ni wọ́n fi sọ ọ́.

Gbogbo èyí, iṣẹ́ ńlá ni, owó ńlá ni wọ́n fi ṣe é, púpọ̀ nínú wọn sì jẹ́ ìtàn ìbànújẹ́. Èyí tí mò ń bẹ̀bẹ̀ fún kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ. Fíìmù aláwàdà kan, tí òṣèré bá ti bínú dé ibi tí ọ̀rọ̀ kò gbà á mọ́, kó kọrin. Lánkẹ́ Ọ̀mùtí wà nílẹ̀. Ọ̀mùtí ò wọ́n ní ìgboro Òṣogbo, odò Ọ̀ṣun wà fún ìlú àwọn òkú, ìyẹn bí àwọn tó ń tọ́jú igbó Ọ̀ṣun bá gbà, àwọn ìdílé Àyàn sì ń bẹ ní Òṣogbo, Ẹdẹ, Ìrágbìjí àti Iléṣà tí ọmọ ọdún mẹ́wàá wọn á fi gángan bú yín tí ẹ ó sì máa jó sí i. Ẹni tó bá fẹ́ sọ fún mi pé kò sówó, kó kọ́kọ́ fi iye tó ná lórí mọ́tò ayálò hàn mí.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ya fíìmù ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, tí mo máa ń rí yín pẹ̀lú kámẹ́rà lọ́nà Iléṣà lọ́jọ́ Sátidé, ohun kan péré ni mo fẹ́ gbà lọ́wọ́ yín. Nígbà tí ẹ bá ń kọ orúkọ àwọn tó máa wà lójú iṣẹ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ẹ kọ orúkọ onílù kan sí i. Ẹ má dúró dìgbà tí ẹ bá yà á tán kẹ́ ẹ tó pè é sí sitúdíò. Ẹ jẹ́ kó jókòó ti òṣèré, kó gbọ́ irọ́ tí wọ́n ń pa, kó sì fèsì. Owó tí ẹ bá sì ń san fún òṣèré, ẹ san án fún òun náà.